BÍ OGUN BÁ DÉ, TA NI YÓÒ ṢỌ́ IGBÓ?

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ogun àti igbó. A fẹ́ mọ ohun tí ogun ń ṣe sí ẹranko, sí igi, sí omi àti sí ilẹ̀. A tún fẹ́ mọ ohun tí àwa náà lè ṣe.

Bí a bá gbọ́ pé ogun bẹ́ sílẹ̀ níbì kan, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ènìyàn mélòó ló kú? Ìbéèrè náà dára, torí ẹ̀mí ènìyàn ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí ogun bá tán, àwọn tó kù láàyè ní láti jẹun. Wọ́n ní láti rí igi dáná, kí wọ́n rí omi mu, kí wọ́n rí ilẹ̀ ro, kí wọ́n rí ewé àti egbò fi wo àìsàn. Bí ogun bá ti jẹ igbó tán, kí ni wọn yóò padà sí? Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ igbó lásìkò ogun, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀la ló ń sọ.

Ẹ lè sọ pé: "Kí ló kàn wá níbẹ̀? Kò sógun ní Daagbé." Òótọ́ ni, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ogun ti wọ igbó orílẹ̀-èdè wa. Àwọn àgbà sì ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, bí a kò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa.

IGBÓ ỌBA MÉJÌ NÍ ÀRÍWÁ BẸ̀NẸ̀

Igbó ọba ńlá méjì ló wà ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Èkíní ń jẹ́ Pendjari, ó wà lẹ́bàá ìlú Tanguiéta. Èkejì ń jẹ́ W, ó wà ní ọ̀nà Banikoara àti Karimama. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni orúkọ rẹ̀. Ìdí ni pé odò Ọya ṣẹ́ kọ́rọkọ̀rọ lágbègbè ibẹ̀, bí ẹni kọ W sílẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà náà sínú ìwé yín kí ẹ wò ó.

Igbó méjèèjì yìí so mọ́ igbó Burkina Faso àti ti Niger. Ẹranko kò mọ ààlà. Erin, kìnnìún, ẹfọ̀n, erinmi àti oríṣiríṣi ẹtu ń rìn láti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí èkejì. Kìnnìún ti kù díẹ̀ gan-an ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú àwọn tó kù, ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù wà. Ní ọdún 1996, UNESCO ka apá ti Niger mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Ní 2017, ó fi apá ti Bẹ̀nẹ̀ àti ti Burkina Faso kún un.

Ogun dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 1, oṣù 5, ọdún 2019, àwọn agbébọn jí àlejò méjì ará Faransé gbé ní Pendjari. Wọ́n pa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ní oṣù 2, ọdún 2022, wọ́n kọlu àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó nínú igbó W, wọ́n sì pa nínú wọn. Ní ọjọ́ 17, oṣù 4, ọdún 2025, wọ́n kọlu àwọn sójà wa níbi tí Bẹ̀nẹ̀, Burkina Faso àti Niger ti pàdé. Ìjọba sọ pé sójà 54 ló kú lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ ta ni àwọn ẹ̀ṣọ́ àti sójà wọ̀nyí? Ọmọ wa ni. Iṣẹ́ táwọn ẹ̀ṣọ́ kọ́ ni kí wọ́n mú ẹni tó bá ń dẹ ìgbẹ́ lọ́nà àìtọ́. Wàyí o, wọ́n ń kojú ẹni tó gbé ìbọn ogun. Àlejò tó ń wá wo ẹranko kò fẹ́ wá mọ́. Ẹni tó ń ta oúnjẹ fún àlejò, ẹni tó ń wa ọkọ̀ fún wọn, gbogbo wọn pàdánù.

KÍ NI OGUN Ń ṢE SÍ IGBÓ?

Ẹ jẹ́ kí a kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní: ẹ̀ṣọ́ máa ń kú tàbí kó sá. Oko tí kò ní olùṣọ́, olè á wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó.

Èkejì: ebi máa ń pa ọmọ ogun. Wọn ò gbin nǹkan. Ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n máa ń pa jẹ, ìbọn wọn sì yá ju ti ọdẹ lọ.

Ẹ̀kẹta: ohun igbó máa ń di owó, owó náà á di ìbọn. Wọ́n á ta eyín erin, wọ́n á ta igi gẹdú, wọ́n á wa wúrà. Owó tí wọ́n bá rí ni wọ́n fi ń ra ohun ìjà sí i.

Ẹ̀kẹrin: àwọn tó sá kúrò nílé nílò igi. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó bá tẹ̀ dó sí ojú kan, gbogbo wọn ló máa dáná lálẹ́. Ẹ̀bi wọn kọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣètò fún wọn, igbó tó yí wọn ká á tán.

Ẹ̀karùn-ún: lọ́jọ́ tí ogun tán, ìbọn kì í tán. Ó máa ń wà lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe á gbé e wọ inú igbó.

Àwọn kan lè sọ pé: "Ṣebí bí ogun bá lé ènìyàn lọ, ẹranko á rí ìsinmi?" Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Ẹ ti gbọ́ nípa Ọ̀yọ́-Ilé. Ogun ló tú ìlú ńlá náà ní nǹkan bí ọdún 1835. Igbó bo ibẹ̀, ẹranko sì gba ilé. Lónìí, ó wà nínú igbó ọba tí ìjọba Nàìjíríà ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n ogun òde òní yàtọ̀. Ìbọn rẹ̀ ń yìn léraléra, ọkọ̀ ń gbé gẹdú dé etí òkun, oníṣòwò sì ń dúró de eyín erin. Igbó kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìsinmi nínú irú ogun bẹ́ẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ MOZAMBIQUE

Orílẹ̀-èdè Mozambique wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, níhà gúúsù. Igbó ọba kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gorongosa. Ogun abẹ́lé jà ní orílẹ̀-èdè náà láti 1977 dé 1992. Àwọn ọmọ ogun wọ inú igbó náà. Wọ́n pa erin, wọ́n jẹ ẹran rẹ̀, wọ́n ta eyín rẹ̀.

Ní 1972, wọ́n ka erin 2,542 níbẹ̀. Ní 2000, wọ́n tún kà wọ́n: 242 ló kù. Ẹ mú gègé yín, kí ẹ ṣe ìṣirò yìí:

2,542 − 242 = ?

Mélòó lẹ rí? Erin 2,300 ló lọ. Oṣù 22 ni erin fi ń lóyún, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń bí. Ìbọn ń pa erin ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo iye ọdún tí yóò gbà kí òmíràn tó dàgbà dípò rẹ̀.

Nǹkan ìyanu kan tún ṣẹlẹ̀. Erin tó ní eyín ńlá ni wọ́n ń pa. Abo erin tí kò ní eyín ló ń bọ́. Àwọn wọ̀nyí ló wá ń bímọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin wọn ni kò sì ní eyín bíi tìyá wọn. Ogun ti parí, àpá rẹ̀ ṣì wà lára ọmọ tí kò sí láyé nígbà tí wọ́n ń jà á.

Ẹ fi ọkàn sí ibí yìí: lẹ́yìn tí àlàáfíà dé ní 1992, pípa ẹran kò dúró. Ọdẹ tó ń dẹ̀gbẹ́ tà wọlé, wọ́n pa nínú èyí tó kù. Kò sí ẹ̀ṣọ́ tó tó. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé àkókò tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tán léwu púpọ̀ fún igbó.

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Láti 2004, iṣẹ́ náà gbòòrò. Wọ́n gba àwọn ọmọ abúlé tó yí igbó ká síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Wọ́n ṣí ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọbìnrin, wọ́n ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti gbin kọfí. Ẹranko ti ń pọ̀ padà.

GẸDÚ TÓ RA ÌBỌN

Nílé wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ńkọ́? Ẹ wo Làìbéríà. Ogun abẹ́lé jà níbẹ̀ láti 1989 dé 1996, ó tún jà láti 1999 dé 2003. Wọ́n ń gé igi ńlá inú igbó, wọ́n ń kó o lọ sókè òkun. Owó gẹdú yẹn ń bọ́ ogun. Ní 2003, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fòfin dè é: kí orílẹ̀-èdè kankan má ra gẹdú Làìbéríà mọ́. Ogun náà parí lọ́dún yẹn kan náà. Ní 2006, wọ́n gbé òfin náà kúrò, Làìbéríà sì ṣe òfin igbó tuntun. Ní 2009, ó ṣe òfin míì tó fún àwọn ará abúlé lẹ́tọ̀ọ́ lórí igbó wọn.

Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ń ra ọjà náà lọ́wọ́ nínú ogun, bí kò tilẹ̀ rí ìbọn rí.

KÍ LÓ DÉ TÁWỌN ARÁ ABÚLÉ KAN FI GBÀ FÚN AGBÉBỌN?

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù nìyí. Ẹ jẹ́ kí a má sá fún un.

Ní ìlà-oòrùn Burkina Faso, lẹ́bàá igbó tó so mọ́ tiwa, àwọn agbébọn lé àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó lọ ní nǹkan bí ọdún 2018 àti 2019. Wọ́n wá sọ fún àwọn ará abúlé pé: "Ẹ wọlé. Ẹ dẹ̀gbẹ́, ẹ pẹja, ẹ da màlúù, ẹ wa wúrà." Àwọn kan gbà. Kí ló fà á? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ti sọ fún wọn pé igbó kì í ṣe tiwọn. Bí wọ́n bá wọ̀ ọ́, wọ́n á san owó ìtanràn. Bí erin bá jẹ oko wọn, ọ̀pọ̀ kò rí owó gbà. Àlejò ń wá yàwòrán ẹranko, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

A ò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe dára. Ẹni tó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ agbébọn, agbébọn náà ni yóò wá gba màlúù rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ lọ́la. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ ni pé: igbó tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń jàǹfààní rẹ̀, wọ́n á bá a ṣọ́ ọ lọ́jọ́ ogun. Igbó tí a kàn lé wọn jáde nínú rẹ̀, ọjọ́ kan ni ogun máa gbà á.

Ní Pendjari tiwa, àwọn ará abúlé dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ AVIGREF. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹgbẹ́ yìí fi ń gba apá kan nínú owó tí àwọn ọdẹ àlejò ń san. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ènìyàn sọ pé "igbó wa" dípò "igbó ìjọba".

IGBÓ LÈ PADÀ

Ní Côte d'Ivoire, igbó ọba Comoé tóbi gan-an. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù 9, ọdún 2002. Àwọn ẹ̀ṣọ́ sá lọ, àwọn apẹran wọlé. Ní 2003, UNESCO kọ orúkọ Comoé mọ́ àwọn ibi tó wà nínú ewu. Lẹ́yìn tí ìjà tán ní 2011, àwọn ẹ̀ṣọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Erin àti ìnàkí tí àwọn ènìyàn rò pé wọ́n ti tán bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ní 2017, UNESCO yọ orúkọ Comoé kúrò nínú ìwé ewu. Ọdún 14 ló fi wà níbẹ̀.

Igbó míì wà lórílẹ̀-èdè kan náà, Mont Péko ni orúkọ rẹ̀. Nígbà ogun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ inú rẹ̀, wọ́n gé igi, wọ́n gbin kòkó. Ní 2016, ìjọba lé wọn jáde. Igbó ti bàjẹ́, àwọn àgbẹ̀ náà sì pàdánù òógùn wọn. Ìjọba kò jèrè, àgbẹ̀ kò jèrè. Bí ètò bá ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ì bá má rí bẹ́ẹ̀.

KÍ NI ÒFIN SỌ?

Ní 1977, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Geneva pé ogun náà ní ààlà. Ẹni tó ń jà kò gbọ́dọ̀ ba ilẹ̀, omi àti igbó jẹ́ gidigidi, káàkiri, fún ìgbà pípẹ́. Ní 2001, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 6, oṣù 11 sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti rán gbogbo ayé létí ọ̀rọ̀ yìí.

Nílé wa, Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin kan ní 2021 lórí òwò ẹranko àti igi tó fẹ́ tán láyé. Ní 2012, ìjọba tún gbé àṣẹ kan jáde lórí títọ́jú igbó òrìṣà. Òfin dára. Ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣọ́ igbó. Ènìyàn ló ń ṣọ́ ọ.

KÍ NI ÀWA TÓ WÀ NÍ DAAGBÉ LÈ ṢE?

Àwa kò sí lẹ́bàá Pendjari. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá ààlà Nàìjíríà la wà. Eyín erin àti ìpẹ́ akika, ẹran tó máa ń ká jọ bíi bọ́ọ̀lù yẹn, ti gba Nàìjíríà kọjá lọ sí Éṣíà lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má ta akika inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì mọ́. Ohun tí a bá rà lọ́jà tàbí tí a bá bá ènìyàn gbé kọjá ààlà lè jẹ́ owó ìbọn fún ẹlòmíràn.

1. Ẹ má ra eyín erin, awọ ẹkùn tàbí ìpẹ́ akika. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni fi alùpùpù gbé e, bó ti wù kó sanwó tó.

2. Ẹ tọ́jú igbó Orò àti igbó òrìṣà tó kù. Kí àwọn àgbà àti ọ̀dọ́ jọ rìn yí ààlà rẹ̀ ká. Kí ẹ kọ ààlà náà sínú ìwé, kí olórí abúlé fọwọ́ sí i. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí, ẹ sì mọ̀ ọ́n kà. Ohun tó wà nínú ìwé ṣòro láti jẹ́ níyàn.

3. Ẹ gbin igi tí ẹ máa dá. Akasíà tètè ń dàgbà. Bí igi ìdáná bá wà lóko yín, ẹ ò ní wọ igbó àgbà lọ gé ìrókò.

4. Bí àwọn tí ogun lé bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ gbà wọ́n. Kí olórí abúlé fi ibi tí wọ́n á ti ṣẹ́gi àti ibi tí wọ́n á ti pọnmi hàn wọ́n lọ́jọ́ kìíní. Ètò tó yá dára ju ìjà tó pẹ́ lọ.

5. Bí ẹ bá rí ìbọn ogun tàbí ohunkóhun tó jọ àdó olóró nínú igbó, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ sàmì síbẹ̀ láti òkèèrè, kí ẹ sì sọ fún olórí abúlé tàbí ọlọ́pàá.

6. Bí igi tó jẹ́ ti gbogbo ìlú bá di títà, ẹ bèèrè ní ìpàdé pé: èló ni? Kí la fi ṣe? Ẹni tó mọ ibi tí owó igbó lọ, á fẹ́ ṣọ́ igbó.

Ìgbà àlàáfíà ni a fi ń mura igbó sílẹ̀. Ọjọ́ tí ìbọn bá dún, ó ti pẹ́ láti máa wá ẹni tí yóò ṣọ́ ọ.

Ẹ JẸ́ KÍ A JÍRÒRÒ

1. Dárúkọ igbó ọba méjì tó wà ní àríwá Bẹ̀nẹ̀.
2. Nǹkan márùn-ún wo ni ogun ń ṣe sí igbó?
3. Kí ló dé tí pípa ẹran kò dúró ní Gorongosa lẹ́yìn 1992?
4. Àwọn ará abúlé kan ní Burkina Faso gbà fún àwọn agbébọn. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, kí lẹ̀ bá fẹ́ kí ìjọba ti ṣe fún yín ṣáájú?
5. Igbó wo ló kù ní abúlé yín? Ta ló ń ṣọ́ ọ? Ẹ kọ ìdáhùn náà ní gbólóhùn mẹ́ta, kí ẹ kà á sókè fún kíláàsì.